Jíà Tó Ń Payín Keke, Ẹ́ńjìnì Tí Kì Í Fẹ́ Jí Láàárọ̀

Ìbéèrè yín lórí ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì àlòkù la mú lóṣù yìí. Lẹ́tà mẹ́rin la yàn, a sì gé wọn kúrú díẹ̀.

Ìbéèrè, láti Leeds: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Mo ra Mazda MX-5 àlòkù ti ọdún 1992, ẹ́ńjìnì 1.6, jíà ọlọ́wọ́ márùn-ún. Láàárọ̀ tí òtútù bá mú, jíà kìíní àti rìfáàsì máa ń le, àfi kí n tẹ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì léraléra kó tó wọlé. Jíà kejì a máa ké gàrà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ẹ́ńjìnì náà máa ń pẹ́ kó tó ṣáná. Tó bá sì ṣáná, ó máa gbọ̀n, yóò sì kú bí n kò bá fẹsẹ̀ mú tọ́rótù. Tó bá ti gbóná, kò ní ìṣòro kankan. Mẹkáníìkì ní ká sọ jíábọ́ọ̀sì kalẹ̀. Ṣé kí n gbà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn o. Ẹ má gbà, ó kéré tán ẹ má tíì gbà. Àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ kó wá, nínú ohun tí ẹ sì kọ, kò sí ọ̀kan tó fi hàn pé inú jíábọ́ọ̀sì ló ti bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú jíà. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ilẹ̀, kí ẹ wá yí jíà láti kìíní dé ìkarùn-ún, kí ẹ fi rìfáàsì kún un. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣáná, kí ẹ tún un ṣe. Bí gbogbo rẹ̀ bá wọlé wẹ́rẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnì kú, tó wá ń le nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, kílọ́ọ̀ṣì ni kò jọ̀wọ́ jíábọ́ọ̀sì tán. Bó bá le nígbà méjèèjì, ẹ wo ọ̀pá jíà tàbí inú jíábọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Ìdánwò kan tún wà: ẹ fi ọkọ̀ sí fírì, ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, kí ẹ tó rọra fi sí rìfáàsì. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá jọ̀wọ́ dáadáa, jíà inú lọ́hùn-ún á ti dúró kí ẹ tó ka ẹ̀rin tán. Bó bá ṣì ké, a jẹ́ pé kílọ́ọ̀ṣì ṣì ń wọ́ ọ yí.

Èyí tí ẹ sọ pé títẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ló ń mú un wọlé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ẹjọ́ jíà kìíní àti rìfáàsì. Ọ́ìlì ló ń ti kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ yìí, kì í ṣe wáyà. Sìlíńdà òkè wà lẹ́yìn pẹ́dà, ti ìsàlẹ̀ wà lára jíábọ́ọ̀sì lápá ọ̀tún. Ti ìsàlẹ̀ yìí ni àrùn tí gbogbo ẹni tó mọ MX-5 mọ̀. Omi àti iyọ̀ ojú títì ń lù ú, irin inú rẹ̀ á dípẹtà, rọ́bà rẹ̀ á sì gé. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo ike kékeré tó jẹ́ ti kílọ́ọ̀ṣì nìkan, tó yàtọ̀ sí ti bíréèkì. Bí ọ́ìlì inú rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀, tàbí tó dúdú bí omi èédú, rọ́bà ló ti ń jẹ sínú rẹ̀ yẹn. Ẹ wá wọ abẹ́ ọkọ̀ lórí ìdúró tó lágbára, kì í ṣe lórí jáàkì nìkan o. Ẹ fi ìka ṣí etí fìlà rọ́bà tó bo ẹnu sìlíńdà ìsàlẹ̀. Ó yẹ kí abẹ́ rẹ̀ gbẹ. Bí ọ́ìlì bá ro sí ìka yín, ẹ ti rí olè.

Bóòtù méjì ló mú un, pẹ̀lú páìpù kan. Ẹ pààrọ̀ ti òkè pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí bí ti ìsàlẹ̀ bá le koko tán, gbogbo ipá á padà sórí rọ́bà àtijọ́ tó wà lókè, kì í sì í pẹ́ tí ìyẹn náà fi máa ń jò. Ọ́ìlì DOT 4 tuntun ni kí ẹ lò, láti inú agolo tí ẹnì kan kò tíì ṣí, torí ọ́ìlì bíréèkì a máa fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lé afẹ́fẹ́ jáde. Ẹnì kan á tẹ pẹ́dà, á dì í mú lórí ilẹ̀. Ẹnì kejì á tú níìpù ìsàlẹ̀ díẹ̀ sínú rọ́bà tó wọ inú ìgò, á tún dè é kí pẹ́dà tó gòkè. Ẹ máa ṣe é lọ títí tí èéhó ò fi ní sí mọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ike òkè gbẹ nígbà kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ óò bẹ̀rẹ̀ látorí òdo.

Ó wá ku jíà kejì tó ń payín keke. Nínú jíábọ́ọ̀sì, òrùka idẹ kan wà fún jíà iwájú kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní sínkíróò. Ó máa ń fi ara ha kónù jíà tí ẹ fẹ́ wọ̀, kí eré àwọn méjèèjì lè bára mu kí eyín tó kọ́ eyín. Bí ọ́ìlì bá tutù tó sì ki, òrùka yìí kò lè tètè la ọ́ìlì náà kọjá láti di kónù mú, eyín á wá kan eyín. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń ké láàárọ̀ tó sì ń dákẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lórí jíábọ́ọ̀sì MX-5 àkọ́kọ́, jíà kejì ló máa ń kọ́kọ́ fi í hàn. Bí kílọ́ọ̀ṣì tí ń wọ́ bá tún kún un, ẹ ti rí gbogbo ohun tó ń ṣe ọkọ̀ yín.

Ẹ pààrọ̀ jíà ọ́ìlì. Lítà 2 ni jíábọ́ọ̀sì ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún yìí ń gbà, èyí tí kíki rẹ̀ jẹ́ 75W-90. Mazda fàyè gba ìpele ọ́ìlì GL-4 àti GL-5, àmọ́ GL-4 la máa sọ fún yín pé kí ẹ rà. Kẹ́míkà tí wọ́n fi ń mú GL-5 le fún dífíréńṣà ń jẹ́ kí ọ́ìlì yọ̀ jù fún òrùka idẹ. Ọkọ̀ gbígbóná ni kí ẹ fi ṣe é, kí ó sì dúró gbọọrọ. Ojú ìkún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, kó tó di ti ìsàlẹ̀. Ẹ má yí i padà láé, torí bí ẹ bá ti da ọ́ìlì nù tán tí ojú ìkún wá kọ̀ láti tú, ọkọ̀ ò ní kúrò níbẹ̀. Ẹ kún un títí tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn padà lẹ́nu ihò.

Ẹ wo òòfà tó wà lórí nọ́ọ̀tù ìsàlẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹrẹ̀ eérú tó kúná bí àtíkè, ó dára, ogbó lásán ni. Bí ẹ bá wá gbé ọ́ìlì inú ọpọ́n sójú oòrùn tí nǹkan pupa rúsúrúsú ń tàn nínú rẹ̀ bí wúrà, idẹ òrùka ni. Bó bá pọ̀, jíà kejì máa ń ké nígbà tó gbóná náà. Bó bá wá jẹ́ pé eyín irin ni ẹ bá lórí òòfà, ìgbà yẹn la tó máa gbà pẹ̀lú mẹkáníìkì yín.

Ẹ ṣì má kúrò níbẹ̀. Ìdí ọ̀pá jíà ọkọ̀ yìí ní ìkòkò ọ́ìlì tirẹ̀, lọ́tọ̀ sí ti jíábọ́ọ̀sì, àwọn púpọ̀ ò sì mọ̀. Ẹ tú orí ọ̀pá náà àti kọnsóòlù àárín, ẹ ṣí rọ́bà òkè, ẹ óò rí bóòtù mẹ́ta. Ẹ tú wọn, kí ẹ fa ọ̀pá náà jáde. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ibẹ̀ á ti gbẹ tàbí kó kù díẹ̀ bí ọ̀dà. Ẹ nù ún, ẹ wo ike kékeré tó wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pá náà bóyá ó ti fọ́, kí ẹ da ọ́ìlì 75W-90 kan náà sí i, nǹkan bíi mílílítà 90. Rọ́bà ìsàlẹ̀ tó bá ti ya, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ooru àti òórùn ọ́ìlì bá ń fẹ́ wá síbi ọwọ́ yín tí ẹ bá ń wakọ̀, rọ́bà yẹn ni.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, bó bá ṣì le díẹ̀ fún máìlì àkọ́kọ́ nígbà tí yìnyín bá wà nílẹ̀, ẹ má fipá ti ọ̀pá. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ dúró díẹ̀ ní fírì láàárín kìíní àti èkejì, tàbí kí ẹ lọ láti kìíní sí ìkẹta títí tí ọ́ìlì á fi yọ́.

Ó wá kan ẹ́ńjìnì. Bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n, inú búùtù ló wà. Lẹ́yìn tó bá sùn mọ́jú, fóólìtì 12.6 ni bátìrì tó kún, 12.2 ti sọ̀ dé ìdajì. Bí ẹ bá ń ṣáná, kò yẹ kó wálẹ̀ ju 9.6 lọ. Bí ẹ bá máa ra òmíràn, ẹ ra èyí tó ní páìpù tí ń gbé éèfín rẹ̀ jáde sí ìta, torí inú búùtù ló ń gbé.

Lẹ́yìn bátìrì, ohun tí a fura sí jù ni sẹ́ńsọ̀ tí ń sọ fún ọpọlọ ọkọ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà rẹ̀, bí omi ẹ́ńjìnì ṣe gbóná tó. Ẹ́ńjìnì tútù nílò epo púpọ̀ ju ti gbígbóná lọ. Bí sẹ́ńsọ̀ bá purọ́ pé ẹ́ńjìnì ti gbóná, ọpọlọ á dín epo kù, ẹ́ńjìnì á sì máa gbọ̀n bí ẹni tí kò tíì jẹun. Ìdí nìyẹn tó fi ń dára fúnra rẹ̀ bó bá gbóná, nítorí nígbà yẹn irọ́ ti di òótọ́. Ẹ̀yìn orí ẹ́ńjìnì ló wà. Méjì ló wà nítòsí ara wọn: oníwáyà kan ṣoṣo jẹ́ ti géèjì ojú dáṣíbọ́ọ̀dù, oníwáyà méjì lẹ ń wá. Ẹ yọ ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, ìyẹn ẹnu wáyà tó wọ̀ ọ́, kí ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n. Ní 20°C, ó yẹ kó wà láàárín kílò-ohm 2.2 sí 2.7. Ní 80°C, 0.29 sí 0.35. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n ní òwúrọ̀ Leeds tí òtútù mú tó sì ka 1, kò sí àríyànjiyàn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wo ojú irin inú ṣọ́ọ̀kì náà pẹ̀lú, torí ìpẹtà aláwọ̀ ewé lè ba òǹkà jẹ́ nígbà tí sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ ò ṣẹ̀.

Bí sẹ́ńsọ̀ bá dára, ẹ lọ sí fáàfù afẹ́fẹ́ tó wà lábẹ́ tọ́rótù. Ìda kan wà nínú rẹ̀ tí omi rádíétọ̀ ń gbà kọjá. Bí omi bá tutù, ìda á súnkì, ihò á ṣí, afẹ́fẹ́ á wọlé, ẹ́ńjìnì á sì sáré díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ yín wà lórí tọ́rótù. Bí èédú bá ti dí i, kò ní ṣí. Ẹ tú páìpù rọ́bà ńlá tó wọ ẹnu tọ́rótù láti rí ihò rẹ̀, kí ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ kábúrétọ̀, kí ẹ sì lo gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun bí ẹ bá tú gbogbo rẹ̀. Ẹ rí i dájú pé omi rádíétọ̀ kún, torí bí afẹ́fẹ́ bá há sí ọ̀nà yẹn, ìda ò ní mọ̀ bóyá ooru wà tàbí kò sí. Ẹ wá wo páìpù rọ́bà ńlá náà fúnra rẹ̀. Ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ síbí sọ́hùn-ún, torí ìsàlẹ̀ àwọn ìṣẹ́po rẹ̀ ló máa ń là. Afẹ́fẹ́ tó bá gba ojú ìlà yẹn wọlé kò kọjá lójú mítà tí ń wọn afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń fà (mítà afẹ́fẹ́), ọpọlọ ò sì mọ̀ pé ó wà. Ìdérí ojú ọ́ìlì tí kò bá dé dáadáa ń ṣe bákan náà lórí ọkọ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ pípẹ́ kó tó ṣáná: lórí 1.6 àkọ́kọ́, ẹ kò ní gbọ́ kí pọ́ọ̀ǹpù epo kùn bí ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́ lásán. Sítátà ló ń tan án nígbà tí ẹ bá ń ṣáná. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn kékeré inú mítà afẹ́fẹ́ ló ń gbà á mú. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́ nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà ní sítáàtì tó sì ń kú gbàrà tí ẹ bá jọ̀wọ́ rẹ̀, súwìṣì inú mítà yẹn ni. Láti dán pọ́ọ̀ǹpù wò, ẹ ṣí àpótí dúdú kékeré lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ DIAGNOSIS sí, ẹ fi wáyà so F/P mọ́ GND, kí ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́. Pọ́ọ̀ǹpù á kùn. Ẹ jẹ́ kó kùn fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún láàárọ̀, ẹ yọ wáyà, kí ẹ wá ṣáná. Bó bá gbá lójú ẹsẹ̀, epo ló ń ṣàn padà sí táǹkì lóru.

Púlọ́ọ̀gì NGK BKR6E-11 ni kí ẹ lò, kí àlàfo ẹnu rẹ̀ jẹ́ mílímítà 1.0 sí 1.1. Wáyà púlọ́ọ̀gì kò yẹ kó ju kílò-ohm 16 lọ fún mítà kan. Bí ẹ bá fọ́n omi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sí wọn lára nínú òkùnkùn tí iná búlúù ń fò jáde, ẹ ra òmíràn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe yí ṣúrúù àídù, èyí tó ń pinnu eré ẹ́ńjìnì nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí tọ́rótù, láti fi bo gbogbo èyí mọ́lẹ̀. 850 ni ìyípo ẹ́ńjìnì yìí ní ìṣẹ́jú kan bó bá gbóná. Ẹni tó bá gbé e sí 1,200 kí ó má baà kú láàárọ̀ ti fi àìsàn náà pamọ́ fún ọdún mìíràn ni.

Ìbéèrè, láti Ìbàdàn: Mercedes SLK 230 tòkunbọ̀ ni mo ní, ọtomátíìkì. Láàárọ̀, ó máa ń ta mí nídìí bó bá ń lọ láti jíà kejì sí ìkẹta. Nígbà mìíràn ó máa ń há sí jíà kan ṣoṣo, àfi kí n pa á kí n tún un ṣáná. Wọ́n ní kí n lọ ra jíábọ́ọ̀sì mìíràn ní Ládípọ̀.

Ìdáhùn: Òtútù Ìbàdàn kì í ṣe òtútù tí ń dá jíà dúró. Nítorí náà, bí ó bá ń ta yín láàárọ̀, ẹ wo ọ́ìlì àti iná kí ẹ tó wo irin.

Jíábọ́ọ̀sì tí Mercedes ń pè ní 722.6 lẹ ní. Kò ní géèjì ọ́ìlì. Páìpù kan wà pẹ̀lú ìdérí tí wọ́n dè pa, mẹkáníìkì ló ní géèjì tirẹ̀. 80°C ni wọ́n fi ń ka ọ́ìlì náà, ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, jíà wà ní P. Àwọn tí ń fojú díwọ̀n rẹ̀ nígbà tó tutù ló ń mú kó kún jù tàbí kó dín. Bí ẹ bá sọ páànù rẹ̀ kalẹ̀ láti pààrọ̀ fílítà, nǹkan bíi lítà 4 á jáde. Ẹ wọn ohun tó jáde, kí ẹ dá iye kan náà padà, kí ẹ tó fi géèjì tún un ṣe. Ọ́ìlì tó bá ìlànà Mercedes 236.14 mu ni kí ẹ lò, kì í ṣe ATF (ọ́ìlì jíà ọtomátíìkì) pupa èyíkéyìí tí wọ́n ń tà nínú jálá.

Ibi tí wáyà gbà wọ jíábọ́ọ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ tú ṣọ́ọ̀kì rẹ̀. Ike kan wà níbẹ̀ tó ní òrùka rọ́bà méjì. Bí ìwọ̀nyí bá gbó, ọ́ìlì á wọ inú ṣọ́ọ̀kì, á sì máa rìn nínú wáyà lọ sókè bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà, títí yóò fi dé ọpọlọ jíà. Ike náà kò wọ́n, àmọ́ ohun tó ń dáàbò bò ló wọ́n gan-an. Bí ibẹ̀ bá gbẹ, ó kan pákó iná inú páànù, èyí tí sẹ́ńsọ̀ eré jíà méjì wà lára rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dákẹ́, ọpọlọ á há jíà sí ìkejì kí ó má baà ba nǹkan jẹ́. Ohun tí ẹ ń rí nìyẹn. Ẹ wá rewáyà (oníṣẹ́ iná ọkọ̀) tí sìkánà rẹ̀ lè wọ ọpọlọ jíà. Èyí tó ń ka ẹ́ńjìnì nìkan kò ní rí kóòdù kankan.

Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá fi sí D tàbí R ló ń dún gbì, ẹ wo ẹ́ńjìnì sítíǹ àti jíábọ́ọ̀sì sítíǹ, ìyẹn àwọn rọ́bà tí wọ́n jókòó lé. Ìyẹn yàtọ̀ sí ìta láàárín kejì àti ìkẹta. Ẹ sì fi sọ́kàn pé jíábọ́ọ̀sì Ládípọ̀ tí ẹ bá rà, pákó iná tirẹ̀ náà ti gbó.

Ìbéèrè, láti London: Mo fẹ́ lọ wo ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì kan lọ́la. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ ti sọ fún ẹni tó ń tà á láti òní pé kó má ṣáná kí ẹ tó dé. Bí ẹ bá dé, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kí i tán. Bó bá gbóná, ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ó ń fi nǹkan pamọ́. Ẹ jẹ́ kó ṣáná, kí ẹ̀yin wà lẹ́yìn sáìlẹ́ńsà. Èéfín funfun tó tètè lọ jẹ́ omi lásán. Búlúù jẹ́ ọ́ìlì tó ń jó. Dúdú jẹ́ epo tó pọ̀ jù. Bí ẹ bá ń wà á, ẹ fi jíà ìkẹta padà sí èkejì nígbà tó ṣì tutù, láìyára, kí ẹ sì fetí sí i. Bó bá ń ké lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú náà, ẹ yọ owó jíábọ́ọ̀sì kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san.

Ìbéèrè, láti Manchester: Ṣé mo lè máa fọ́n sípíréè ìṣáná sínú rẹ̀ láràárọ̀?

Ìdáhùn: Rárá o, pàápàá bí ọkọ̀ yín bá ní mítà afẹ́fẹ́ onílẹ̀kùn bíi ti MX-5 òkè yìí. Bí iná bá ta padà gba ẹnu tọ́rótù, ìbúgbàù náà á gbá ilẹ̀kùn yẹn, ó sì lè tẹ̀ ẹ́. Ẹ lò ó lẹ́ẹ̀kan péré fún ìdánwò, ṣíún díẹ̀, tí rọ́bà gbogbo ti wà ní dídè. Bí ó bá jí, iná wà, epo ni kò tó. Bí kò bá jí, ẹ gbàgbé epo, kí ẹ lọ wo púlọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì.